Ọdún 1789: Òmìnira ní Ẹnu, Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Ọwọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni a fẹ́ wò lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a wo gbogbo ẹ̀yìn tán, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa, a kò sì ní rí ohun kan dì mú. Nítorí náà ni a ṣe yan ọdún kan ṣoṣo, èyíinì ni ọdún 1789.

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà, kíákíá ni yóò dáhùn pé ọdún náà ni àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọdún kan náà ni Aláàfin Abíọ́dún wàjà ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ní ọdún kan náà ni ọba Spéìn ṣí ilẹ̀kùn Kúbà sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ẹrú. Ní ọdún kan náà ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ti tà rí tẹ ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni pé ọ̀ràn wọ̀nyí kò jìnnà sí ara wọn bí òkun ti mú wọn jìnnà, àti pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú wọn fún wa, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún àjèjì láti kọ́ wa.

NÍ ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ní ìlú New York, George Washington gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó sì búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè tuntun náà. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nígbà náà ni pé ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ lè wà láìní ọba, àti pé ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun lè gba ipò tí yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sílẹ̀. Washington sì gbé e sílẹ̀ lóòótọ́ ní 1797, ó padà sí oko rẹ̀. Ìwà ọlọ́lá ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi du ẹni tí ó ni ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo inú oko náà. Ní Mount Vernon, ní ìpínlẹ̀ Virginia, àwọn ẹrú tí ó lé ní 200 ni wọ́n ń ro ó. Ìwé òfin tí Washington búra láti pa mọ́ sì ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ìgbìmọ̀ aṣòfin láti fi òfin dí ẹnu òwò ẹrú láti òkèèrè kí ọdún 1808 tó dé. Òfin náà tún wí pé, nígbà tí a bá ń ka orí láti mọ iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní, ẹrú márùn-ún ni kí a kà sí ènìyàn mẹ́ta. Ẹrú kò sì ní ìbò kankan láti dì. Èyí ni pé a ń ka orí ẹrú láti fi kún agbára olówó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ilẹ̀ náà ní 1790, àwọn ẹrú ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000.

NÍ ILẸ̀ FARANSÉ

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọba Faransé, Louis kẹrìndínlógún, ti jẹ gbèsè títí ó fi dé ọrùn, àgàgà nítorí owó tí ó ná láti ran àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú ogun wọn. Ní 1788 òjò yìnyín ba irè oko jẹ́. Òtútù líle tẹ̀ lé e. Búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá, tí wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n sì ní owó, ni a dá sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó-orí. Mẹ̀kúnnù ni ó ń ru ẹrù náà.

Nígbà tí ọ̀ràn dé góńgó, ọba pe àjọ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ jọ sí Versailles ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ẹ fetí sí èyí: wọn kò tíì pe àjọ náà láti ọdún 1614. Ọdún 175 ni ọba lórí ọba fi ń ṣe ìjọba láìbi ìlú léèrè! Ọ̀nà mẹ́ta ni àjọ náà pín sí, ti àlùfáà, ti ọlọ́lá, àti ti mẹ̀kúnnù; ohùn kan ṣoṣo ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn méjì àwọn díẹ̀ fi ń borí ohùn kan gbogbo ìlú. Àwọn aṣojú mẹ̀kúnnù kọ̀ fún èyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà wọ́n ní àwọn gan-an ni ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 20, nígbà tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n wọ gbọ̀ngán kan tí a ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì búra pé àwọn kò ní túká títí àwọn yóò fi kọ ìwé òfin fún ilẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje àwọn ará Páríìsì, tí wọ́n ń wá ẹ̀tù ìbọn, kọlu túbú olódi tí à ń pè ní Bastille, wọ́n sì gbà á. Ẹlẹ́wọ̀n méje péré ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ẹlẹ́wọ̀n ni ó mú ọjọ́ náà tóbi, bí kò ṣe pé ẹ̀rù odi náà ti kúrò lára wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ìgbìmọ̀ náà gbé Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ènìyàn jáde, abala 17, nínú èyí tí wọ́n ti wí pé òmìnira ni a bí ènìyàn sí àti pé ẹ̀tọ́ gbogbo wọn dọ́gba. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, àwọn obìnrin ọjà fi ẹsẹ̀ rìn láti Páríìsì dé Versailles nítorí ọ̀ràn búrẹ́dì, wọ́n sì mú ọba àti ìyàwó rẹ̀ bọ̀ sí àárín ìlú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìdájọ́ òdodo kò lè ka ìtàn yìí kí inú rẹ̀ má dùn. Ṣùgbọ́n Faransé ní ilẹ̀ kan lókè òkun, Saint-Domingue, tí à ń pè ní Háítì lónìí. Àwọn ẹrú tí wọ́n wà níbẹ̀ ní 1789 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì mílíọ̀nù. Àwọn ni wọ́n ń gé ìrèké tí wọ́n sì ń ká kọfí tí Páríìsì ń mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kó láti etíkun wa níhìn-ín. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn tí ó ń sọ èdè wa, orúkọ Ògún kò sì tíì parẹ́ ní ilẹ̀ náà títí di òní. Ǹjẹ́ Ìkéde náà kàn wọ́n? Rárá. Àwọn olóko funfun láti Saint-Domingue ni ìgbìmọ̀ náà fi àyè gbà láti jókòó. Nígbà tí àwọn òmìnira tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára, bí Vincent Ogé àti Julien Raimond, béèrè ẹ̀tọ́ tiwọn, ìgbìmọ̀ kò dá wọn lóhùn bí wọ́n ti fẹ́. Ní ti ẹrú, a kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1791 àwọn ẹrú náà dìde. Ní 1794 Faransé kéde pé kò sí ẹrú mọ́ ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1802 Napoleon tún fẹ́ dá a padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804 Háítì di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ohun tí Páríìsì kọ̀ láti fi fún wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ gbà á.

NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ ÀTI LÓRÍ ÒKUN

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1789, William Wilberforce dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó lé pé kí a fi òpin sí òwò ẹrú. Àwọn aṣòfin yìn ín, wọ́n sì ní àwọn ń fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí sí i. Ní 1791 ni wọ́n tó dìbò, ẹni 88 gbè é lẹ́yìn, ẹni 163 sì kọ̀. Ọdún 1807 ni òfin náà tó kọjá, àti 1833 ni a tó ṣòfin láti tú ẹrú sílẹ̀. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó láti ọ̀rọ̀ dé ìṣe!

Ṣùgbọ́n ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ní ọdún 1789 kan náà ni Olaudah Equiano tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti kọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni, a jí i gbé ní kékeré, a tà á sókè òkun, ó sì fi owó tí ó fi òógùn ojú kó jọ ra ara rẹ̀ padà ní 1766. Kò dúró de ẹnì kan láti wá kọ ìtàn rẹ̀. Ó kó owó ìwé jọ ṣáájú lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣèlérí láti rà á, Àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Ó ń gbé ìwé náà kiri láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni a sì tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kú ní 1797. Lójú àkọlé ìwé náà ni ó ti kọ ọ́ pé ọwọ́ òun fúnra òun ni òun fi kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà kò rọrùn mọ́ láti sọ fún ará Lọ́ńdọ̀nù pé ẹrù tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní ọkàn.

Nígbà tí wọ́n ń jiyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ìjọba kan, Bounty, wà lórí òkun Pàsífíìkì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, àwọn atukọ̀ ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá wọn William Bligh, wọ́n sì fi òun àti àwọn 18 sínú ọkọ̀ kékeré aláìnílé. Ó wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé kí ó tó gúnlẹ̀ sí Timor. Ìtàn akin ni àwọn òyìnbó fi ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n kí ni Bounty ń lọ ṣe? Irúgbìn igi gbẹ̀rẹ̀fútù ni ó rù láti Tahiti, kí a lè lọ gbìn ín sí àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà, kí oúnjẹ ẹrú lè dínwó fún olóko. Nígbà tí ẹnì kan ń bẹ̀bẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí a fi òpin sí òwò ẹrú, ìjọba kan náà ń wá oúnjẹ tí a ó fi máa bọ́ ẹrú fún ọjọ́ pípẹ́.

NÍ KÚBÀ ÀTI BÙRÀSÍLÌ

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1789 ni ọba Spéìn fọwọ́ sí àṣẹ kan. Kí àṣẹ náà tó jáde, àwọn tí ìjọba bá fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè kó ẹrú wọ Kúbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ilẹ̀ Spéìn àti àjèjì pẹ̀lú lè kó wọn wá fàlàlà. Ọdún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n sì tún sún un síwájú. Nígbà tí oko ìrèké Saint-Domingue jóná lẹ́yìn 1791, Kúbà ni ó gba ọjà ṣúgà náà, ebi ènìyàn sì ń pa á kíkankíkan. Ní oṣù Kejì ni a ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ní oṣù Kẹjọ ni a kéde ẹ̀tọ́ ènìyàn ní Páríìsì. Ìwé méjèèjì, inú ọdún kan.

Ní Bùràsílì, ní agbègbè Minas Gerais tí wúrà wà, àwọn kan gbìmọ̀ láti gba ara wọn lọ́wọ́ ọba Pọtogí nítorí owó-orí wúrà. Wọ́n tú àṣírí wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1789 a mú Joaquim José da Silva Xavier, tí a ń pè ní Tiradentes, a sì so ó kọ́ ní 1792. Akọni ni Bùràsílì kà á sí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ gbìmọ̀ òmìnira náà ni wọ́n ní ẹrú, wọn kò sì fẹnu kò láti tú wọn sílẹ̀. Ọdún 1886 ni ẹrú tó parí ní Kúbà, àti 1888 ní Bùràsílì.

NÍ Ọ̀YỌ́ ILÉ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún gba agbára kúrò lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà, ẹni tí ó ti ń fi ọba jẹ tí ó sì ń yọ ọba bí ó ti wù ú. Láti ìgbà náà títí ó fi wàjà ní 1789, ìlú rọgbọ, òwò sì gbilẹ̀. Ọba Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Títí di òní, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ayé ìrọ̀rùn, ayé Abíọ́dún ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Òtítọ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í dùn mọ́ wa láti sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́, nítorí pé Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbé ìran rẹ̀ ga kò gbọdọ̀ parọ́ fún un. Nínú ọrọ̀ ayé Abíọ́dún, owó ẹrú wà. Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ wá sí Àjàṣẹ́, tí à ń pè ní Porto-Novo, ni a ń gbà kó ènìyàn lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀. Nígbà náà púpọ̀ nínú àwọn tí a ń tà kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́; ilẹ̀ tí ó wà ní àríwá ni a ti ń kó wọn. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi dàbí ẹni pé kò burú. Ṣùgbọ́n agbára ogun ti ń dín kù: ní 1783 Ìbàrìbá ti ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ jọba. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ọba àti ìjòyè ti kẹ̀yìn sí ara wọn. Àfọ̀njá ní Ìlọrin kò gbọ́ ti Ọ̀yọ́ mọ́. Ní àwọn ọdún 1820 Dàhómì kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1830 Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Àwọn tí ń ta ènìyàn wá di ẹni títà. Ní 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọ kékeré kan, ní Òsogùn; orí yọ ọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864. Àìmọye kò ní orí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ẹnu ilẹ̀kùn tí ọba Spéìn ṣí ní 1789 wọ Kúbà, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Lùkùmí. Àwọn ẹlòmíràn wọ Bahia ní Bùràsílì, a sì ń pè wọ́n ní Nàgó. Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ọ̀hún àti ògiri ti ilé wa, ọdún kan náà ni a lè fi sàmì sí méjèèjì.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹnì kan lè béèrè pé, báwo ni a ṣe mọ̀ pé 1789 ni Abíọ́dún wàjà? Ìbéèrè náà dùn wá. Àwọn arọ́kin wa mọ orúkọ àwọn ọba ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n mọ oríkì wọn, wọ́n mọ ogun tí wọ́n jà. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ọdún gan-an, inú ìwé tí àwọn òyìnbó oníṣòwò kọ láti etíkun ránṣẹ́ sí ilé wọn ni àwọn òpìtàn ti rí i. Àwọn tí ó ń ra ènìyàn lọ́wọ́ wa ni wọ́n bá wa kọ ọjọ́ ikú ọba wa sílẹ̀! Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí kò bá sí irú àwọn bẹ́ẹ̀, mélòó ni ì bá ṣẹ́ kù fún wa?

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀ yín.

Èkíní: kí ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó ní ọmọ nínú Ẹgbẹ́ yìí kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún rẹ̀, láti ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí àgbà tó lọ. Equiano kò dúró de ẹni tí yóò bá a kọ ọ́.

Èkejì: kí a kọ rere, kí a kọ búburú pẹ̀lú. Ìtàn tí a fá lẹ́nu kò lè kọ́ ọmọ.

Ẹ̀kẹta, èyí ni ó sì wúwo jù: ní 1789, àwọn ọlọ́gbọ́n kọ òmìnira sílẹ̀, wọn kò sì wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n tì sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. A rẹ́rìn-ín wọn lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa náà bá ń sọ pé ọmọ ìlú, ta ni a ń fi sílẹ̀ lóde? Bí ọ̀ràn oyè bá dé, a kò ha ń gbọ́ kí ilé kan máa pe ilé kejì ní ọmọ ẹrú, ọmọ àlejò, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí bàbá ẹnikẹ́ni? Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin ni ẹ lè fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà ní ààfin yín. Ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ ṣì ń gbé inú ọdún 1789.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa bá àkọsílẹ̀ tí ojú kò ní tì wọ́n láti kà. Kí ìlú ó rójú, kí Ẹgbẹ́ wa ó gbòòrò. Àṣẹ.